Mo mu absinthe ní ilé ẹjọ́ tí wọ́n ti ń dá a lẹ́bi

Inú mi kò dùn rárá ní òwúrọ̀ tí mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Neuchâtel, ní orílẹ̀-èdè Swítsálandì, lọ sí Môtiers. Ohun tó fà á ni ìyà tí wọ́n fi jẹ mí ní ilé ọtí kan ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Absinthe, ọtí líle tí wọ́n fi ewé kíkorò ṣe, ni mo béèrè fún. Ọmọkùnrin tó gbé e wá rẹ ṣúgà sínú ọtí náà, ó ṣáná sí i, ó sì ń wò ó títí ṣúgà fi jóná, tí òórùn rẹ̀ bo òórùn ewé inú ọtí mọ́lẹ̀ pátápátá; lẹ́yìn náà ni ó gba fráǹkì 19 lọ́wọ́ mi lórí ohun tí kò tó ẹnu méjì. Àṣà tuntun ni iná yìí, kì í ṣe ti àwọn tó ni ọtí. Omi tútù ni wọ́n máa ń kán sí i. Bí ẹ bá rí ẹni tó mú ìṣáná sún mọ́ ife yín, ẹ tètè dá a dúró kí ó tó di gbèsè sí yín lọ́rùn.

Môtiers wà ní Val-de-Travers, àfonífojì tí absinthe ti ṣẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ilé tí mo bá lọ ni Maison de l'Absinthe, tí wọ́n ṣí ní 2014. Ilé ẹjọ́ ni ilé yìí tẹ́lẹ̀, níbẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń dá ẹjọ́ àwọn tó ń pọn absinthe ní ìkọ̀kọ̀.

Ìtàn bí wọ́n ṣe fòfin de absinthe bí mi nínú. Ní ọjọ́ 28 oṣù Ògúsù 1905, ní abúlé Commugny, lébìrà kan tí ń jẹ́ Jean Lanfray yìnbọn pa ìyàwó rẹ̀, tó wà nínú oyún, àti ọmọbìnrin wọn méjì. Ọkùnrin yìí ti mu wáìnì rẹpẹtẹ ní ọjọ́ náà, absinthe tó mu kò ju ife méjì lọ, síbẹ̀ absinthe nìkan ni aráyé na ìka sí. Ní oṣù Keje 1908, àwọn ará Swítsálandì dìbò pé kí wọ́n fòfin dè é, òfin náà sì múlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 1910. Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ ní 1912, Faransé ní 1915. Ní Faransé, kòkòrò ti ba oko àjàrà jẹ́ ní ọ̀rúndún tó ṣáájú, wáìnì wọ́n, àwọn ènìyàn sì yà sí ìdí absinthe. Nígbà tí wáìnì padà dé, àwọn tó ń ṣe é wà lára àwọn tó ń pariwo pé kí wọ́n pa orogún wọn rẹ́. Thujone, èròjà kan tó ń wá láti inú ewé rẹ̀, ni wọ́n pè ní májèlé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ àwọn ìgò ayé àtijọ́ wò, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008, thujone inú wọn kò tó ohun tí ń dà orí ẹnikẹ́ni rú.

Mo dúró pẹ́ níwájú àwọn ohun èlò ìpọntí, nítorí wọ́n mú mi rántí bí àwọn ọlọ́pàá ìjọba òyìnbó ṣe ń lé àwọn tó ń pọn ògógóró kiri nílé wa. Níhìn-ín pẹ̀lú, inú ilé ni wọ́n ti ń pọn ọtí náà láìfi àwọ̀ ewé sí i, wọ́n sì ń pè é ní La Bleue. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2005 ni òfin tó dè é kúrò. Amẹ́ríkà ṣílẹ̀kùn fún un ní 2007, Faransé sì fagi lé òfin 1915 ní 2011.

Obìnrin tó bu tèmi fún mi kò kánjú. Ó jẹ́ kí omi máa kán, ọtí tó mọ́ gaara náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í funfun láti ìsàlẹ̀ ife bí omi ògì, nítorí òróró ewé inú rẹ̀ kì í bá omi rẹ́. Ó korò díẹ̀ bí ewúro tí a fọ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà ni adùn dé. Mo ra ìgò kékeré kan, ó sì kọ rìsíìtì fún mi, ní inú ilé ẹjọ́ náà.