Omi tí a fi fọ epo: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀

Nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí fún oyè kejì nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ní Ilé-Ifẹ̀, òróró tí àwọn alákàrà ti lò títí tó fi dúdú ni mo fẹ́ sọ di biodiesel, ìyẹn dísù tí a fi òróró ṣe, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní imí-ọjọ́ nínú rárá. Ọ̀dọ̀ màmá kan ní Lágeré ni mo ti ń ra òróró náà. Mo po methanol, irú ọtí kẹ́míkà kan tí kò ṣeé mu, àti caustic soda mọ́ ọn, mo gbé e kaná ní ìwọ̀n 60°C, nítorí pé methanol a máa hó ní nǹkan bí 65°C, mo sì ń retí kí ó pín sí méjì, epo lókè, glycerin, ìyẹn omi ki tó máa ń yà kúrò lára òróró, nísàlẹ̀. Kò pín. Ńṣe ni gbogbo rẹ̀ dì bí ẹ̀kọ.

Nígbà tí mo ròyìn fún màmá náà, ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọṣẹ lo sè. Ṣé o ò rí àwọn tó ń fi eérú èèpo kòkó àti àdín ṣe ọṣẹ dúdú rí ni?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Omi inú ẹ̀wà lílọ̀ a máa ṣẹ́kù sínú òróró, bẹ́ẹ̀ ni òróró tí a lò léraléra a máa ní ásíìdì. Bí ásíìdì náà bá ti ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ, caustic soda yóò sọ ọ́ di ọṣẹ kó tó jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Nítorí náà, ẹ sẹ́ òróró yín, ẹ yan omi inú rẹ̀ gbẹ lórí iná tó ju 100°C lọ, kí ẹ sì wọn ásíìdì rẹ̀ kí ẹ tó fi kẹ́míkà kankan kàn án.

Ìyẹn kéré sí ohun tó tẹ̀lé e. Nígbà tí epo mi wá dára, mo ní láti fi omi fọ̀ ọ́ kí ọṣẹ, caustic soda àti methanol tó ṣẹ́kù lè kúrò. Lítà 10 epo gba nǹkan bí lítà 12 omi lọ́wọ́ mi. Omi náà funfun bí omidùn, mo sì ń dà á sí gọ́tà ẹ̀yìn ilé, torí pé epo ni àkọlé ìwádìí mi, kì í ṣe omi. Láìpẹ́, koríko ẹ̀bá gọ́tà náà gbẹ. Bàbá tó ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe bi mí léèrè pé, "Kí lẹ̀ ń dà síbẹ̀?" Èmi tí mo mọ ìwọ̀n epo mi dé orí èyí tó kéré jù kò rí èsì kan fọ̀. Nínú ìlú tí Mọ̀remí ti bá odò Ẹ̀sìnmìrìn dá májẹ̀mú, ojú tì mí.

Mo wọn pH omi náà, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń mọ̀ bóyá omi sún mọ́ ásíìdì tàbí ó sún mọ́ nǹkan bíi caustic soda: 10 ni. Ti omi mímu ní Nàìjíríà kò gbọdọ̀ kọjá 8.5. Epo àti glycerin inú rẹ̀ tún jẹ́ oúnjẹ fún àwọn kòkòrò àìfojúrí, tí wọn yóò sì lo ọ́síjìn tí ẹja nílò tán bí ó bá dé odò. Methanol ní tirẹ̀ lè fọ́ ènìyàn lójú.

Láti ìgbà náà, mo máa ń sè methanol jáde kúrò nínú epo kí n tó fọ̀ ọ́, mo sì ń gbà á padà lò; owó tí èyí dá sí kò kéré. Omi ìfọ̀kẹyìn epo òní ni mo fi ń ṣe ìfọ̀ àkọ́kọ́ fún ti ọ̀la. Nígbà tó yá, mo fi èédú èèpo èkùrọ́ sẹ́ epo náà dípò omi, ó sì gbé ọṣẹ inú rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ fi ojú ìwé kan sílẹ̀ fún omi nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín láti ọjọ́ kìíní: iye tó wọlé, iye tó jáde, ibi tó gbà lọ.

Èédú tí mo ti lò ṣì wà nínú kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta tí mo dé pa. Mo ti kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n sí ara wọn, n kò sì tíì rí ibi tí mo lè dà wọ́n sí.