Ọwọ́ Rírọ̀ Lórí Ọ̀kadà

Eré àsápajúdé kọ́ la fi ń mọ ẹni tó mọ ọ̀kadà gùn. Ẹ wò ó lọ́jà Lafẹ́nwá l'Ábẹ́òkúta níbi tí èrò àti ọmọlanke ti dí ọ̀nà: ṣé ó lè rọra kọjá láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀?

Pápá kan ládùúgbò wa ni mo ti ń fi ọ̀kadà Boxer mi kọ́ ìrìn jẹ́jẹ́ yìí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Jíà kìíní ni. Màá fi ọwọ́ ọ̀tún fún un níná díẹ̀, n ò sì ní yí ọwọ́ yẹn padà mọ́. Kílọ́ọ̀ṣì, irin ọwọ́ òsì tó ń já agbára ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà, ni ìka òsì mi á máa bá ṣeré: n ò ní tú u sílẹ̀ tán, n ò ní fún un pa. Ẹsẹ̀ ọ̀tún á rọra lé búrèkì ẹ̀yìn, ọ̀kadà á sì dúró ṣinṣin bí ẹni pé okùn ló ń fà á. Búrèkì iwájú ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án tẹ́ ẹ bá ti ṣẹ́ ọwọ́ ọ̀kadà, á gbé yín ṣánlẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wálẹ̀ dáadáa. Bó bá ga, tí táyà já sí kòtò kékeré, ọwọ́ á ṣèèṣì fa iná, ọ̀kadà á fò síwájú. Àwọn ìyá tó pọnmọ máa ń jókòó sẹ́yìn wa lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìdí Olúmọ. Nítorí tiwọn ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin ọlọ́kadà tuntun: ẹ kọ́ èyí kẹ́ ẹ tó gbérò.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná jù níbi tẹ́ ẹ ti ń kọ́ ọ, ẹ pa á, kó sinmi.