Wọn ò pe Ọ̀ṣun, èmi ni mo dáhùn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ní kékeré lágbègbè Ọjà Ọba, ẹ mọ̀ pé tá a bá ń ja gídígbò, kò sọ́mọ tó lè dá mi. Ìyẹn gan-an ló kó bá mi. Àbúrò mi kan ló ní àwọn oníkáráátè Kyokushin (ẹ̀yà káráátè kan ni) fẹ́ díje ní Òkè-Fìà, pé gbogbo oníjà ni wọ́n pè, oníjúdò o, abẹ̀ṣẹ́ o, kóníkálùkù ṣáà máa bọ̀. Mo ní ṣé gídígbò náà wà ńbẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n gbà." Kí ni mo tún ń dúró wò?

Kóòṣì ń ka òfin, ó ní bí wọ́n ṣe jà á ní Tokyo lọ́dún 1975 nígbà tí àwọn oní-Kyokushin gbogbo àgbáyé kọ́kọ́ pàdé náà la máa jà á, kò sí ìbọ̀wọ́, ẹ má fẹ̀ṣẹ́ gbára yín lójú, ẹsẹ̀ lẹ lè fi gbá orí, ẹ má sì di ara yín mú o. Èmi? Mọ́sà ni mò ń jẹ ní tèmi.

Ó wá kàn mí. Ṣòkòtò Jímọ̀ mi ni mo wọ̀ lọ. Ọmọ tí wọ́n gbé kò mí tín-ín-rín bí igi ìṣáná, ó tẹrí ba, ó pariwo "Osu!", bí wọ́n ṣe ń kíra wọn nídìí káráátè nìyẹn. Ọ̀ṣun letí mi gbọ́. Ọmọ Òròkí ni mí, mo jùwọ́ sókè, mo lọgun "Oore yèyé o!" (ẹ̀yin àfáà mi, ẹ má bínú). Ìyá ẹlẹ́pà kan tiẹ̀ gbè é lẹ́yìn. Rẹfirí ń fọwọ́ bo ẹnu.

Mo fò mọ́ ọmọ yẹn níbàdí, wọ́n já wa. Mo tún dì í mú, wọ́n tún já wa, wọ́n kìlọ̀ fún mi. Ibi tí mo ti ń ṣàròyé lọmọ náà ti fi ojúgun gbá mi nítan, gbì! Kò kọ́kọ́ dùn mí o, ẹsẹ̀ ọ̀hún kàn kọ̀ mí sílẹ̀ ni. Ó tún gbá ojú ibẹ̀ gan-an, mo bá rọra jókòó bí ìyàwó tuntun. Wọ́n ní téèyàn bá ti pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 3 lọ nílẹ̀ ó parí nìyẹn, èmi tó jẹ́ pé mo fẹ́ sùn síbẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni bàbá ìyàwó mi yà nílé wa. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ó bọ́ sí i, àmọ́ dídìde ò ṣeé ṣe. Bàbá wò mí títí, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n tọwọ́ bàpò.

"Ó tó báyẹn. Èló lo fẹ́ yá?"