Ọdún 2024: Ìwé Àwìn Bàbá

Ẹni tó bá ń retí kí n to oṣù méjìlá kalẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìparí ọdún mi bí mo ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, kó má bínú. Oṣù kan ṣoṣo ni mo rí nínú ọdún yìí. Oṣù kìn-ín-ní, mo rántí pé jẹnẹrétọ̀ bàjẹ́. Oṣù kẹjọ, àfi bíi pé wọ́n jí i gbé. Oṣù kẹta ló kù, nínú ààwẹ̀, nígbà tí Bàbá lọ.

Ẹ ó rántí ìlérí tí mo ṣe lésìí, pé màá dín ikùn kù. Ilé búrẹ́dì ni mo wá jogún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Òru la máa ń ṣe búrẹ́dì, ẹ mọ̀. Tó bá di ààwẹ̀, ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jáde nínú ààrò kí àwọn èèyàn tó jí jẹ sààrì. Lóru ọjọ́ yẹn, Bàbá jókòó sórí àpò fúláwà, wọ́n ń bá Mùfú jà pé igi tó kó sínú ààrò tutù. Wọ́n bá dákẹ́. Mùfú rò pé wọ́n gbà fún òun ni. Bàbá kì í gbà fún èèyàn. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti fura.

Ti ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé wọn lọ, ẹ jẹ́ n fi sínú. Nígbà tí a fi máa padà dé, gbogbo ohun tó wà nínú ààrò ti di èédú, páànù 60. Mo dúró níwájú ẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé, “Bàbá máa pa wá lónìí.” Mo tiẹ̀ ti ń wá ẹni tí màá di ẹ̀bi rù. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó.

Kí wọ́n tó kírun sí Bàbá lára, Ìmáàmù béèrè pé ẹni tí Àlàájì bá jẹ ní gbèsè kó sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ wọn wà níkàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọkàn mi balẹ̀. Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ ni Màámi gbé ìwé àwìn lé mi lọ́wọ́, tí mo wá rí i pé òdìkejì ìbéèrè yẹn ló yẹ kí Ìmáàmù béèrè. Sáàfù iwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ pé sínú ìwé náà tán.

Ìwé mẹ́ta ni, ẹlẹ́yìn líle. Fúláwà ti wọ inú wọn débi pé bí o bá ṣí i, eruku funfun á sọ. Bàbá kì í kọ orúkọ, wọ́n ní orúkọ máa ń jọra. “Ìyá ẹlẹ́wà ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, 6.” “Ọlọ́kadà tó ń tiro díẹ̀, 2.” “Tísà tí kì í rẹ́rìn-ín, 11.” Ẹni tó bá san, wọ́n á fi rúlà fa ìlà lé e lórí. Rúlà o.

Níbi fídáù, gbogbo ayé ló ń sọ pé Àlàájì kì í sin owó. Irọ́ ńlá! Bàbá mi, ńṣe ni wọ́n máa ń dógò ti èèyàn. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, wọ́n á gbé àpótí àti rédíò wọn, wọ́n á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè. Wọn ò ní sọ nǹkan kan. Wọ́n á máa kí gbogbo ẹni tó ń kọjá, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè ìyàwó. Bí ẹnì kan bá ní, “Àlàájì, kí lẹ wá ṣe níbí?” wọ́n á ní, “Ọ̀rẹ́ mi ni mo wá kí, kò tíì jí.” Kó tó di aago mẹ́jọ, ọ̀rẹ́ á ti jí.

Èmi náà gbé àpótí ní oṣù karùn-ún. Fúláwà ti kọjá 60,000 náírà lápò, ta ni yóò máa wòye? Ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́wà ni mo kọ́kọ́ lọ. Wọ́n rí mi, wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n ní ojú Àlàájì ló wà lójú mi. Wọ́n bu ẹ̀wà fún mi, mo jẹ ẹ́. Wọ́n ṣàdúrà, mo ṣàmín. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo ti bá wọn kọ búrẹ́dì mẹ́rin mìíràn sí àwìn. Ìyàwó mi ní èló ni mo rí gbà, mo ní àdúrà. Ó ní kí n gbé e lọ fún oní-fúláwà.

Tísà san ti ẹ̀, gbogbo mọ́kọ̀ọ̀kànlá, ní iye tí búrẹ́dì ń jẹ́ lónìí. Kò rẹ́rìn-ín.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Mùfú, tí wọ́n fi owó ńlá fà níbòmíràn tí kò lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màámi. Ẹ̀yin tí ẹ fi nǹkan ránṣẹ́, mo mọ̀ yín. Bàbá fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ nípa Amos Shackleford, ará Jàmáíkà tó wá bá reluwé ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 1913, tó wá ṣí ilé búrẹ́dì l'Ébùúté Mẹ́ta ní 1921, tó sì là. Ibi tí ìtàn náà máa ń já sí ni pé, “Ará òkè òkun rí owó nínú ohun tí Àjàní mi ń sá fún.” Mo máa ń wà l'Ékòó nígbà yẹn, nínú ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, mi ò gbọ́.

Oṣù kọkànlá ni mo tó ṣí èyí tó gbó jù nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọdún 2009, ASUU ń yanṣẹ́ lódì, mo wà nílé. Bàbá kó búrẹ́dì 40 fún mi pé kí n kiri dé gáréèjì Mọ́lété. Owó 31 ni mo mú wálé. Mo ní òjò ló pa mẹ́sàn-án. Ọmọbìnrin kan wà ní Mọ́lété nígbà náà (ẹ má jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ìyàwó mi o). Bàbá ní, “Òjò?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò ń sinmi n'Íbàdàn.

Ó wà níbẹ̀: “Àjàní, 9. Ó ní òjò ni.” Kò sí ìlà rúlà lórí rẹ̀.

Mo gbé e han Màámi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Wọ́n ní Bàbá mọ ilé ọmọbìnrin ọ̀hún.

Ti ọdún tó ń bọ̀, mi ò ní ṣèlérí lórí ikùn mọ́. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ó tún ààrò kejì mọ. Ìwé kẹta kún lánàá, mo ra òmíràn. Mùfú ní ta ni kí òun kọ́kọ́ kọ síbẹ̀, mo ní kó mú bírò wá, mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́: “Àjàní, 9.” Mi ò kọ òjò sí i.