Yẹ́lò tí ẹ rí nínú túùbù yẹn, kí ló ń sọ gan-an?

WAEC ti ń kanlẹ̀kùn o, àwọn ọmọ SS3 tí mò ń kọ́ ní kẹ́mísìrì níbí ní Àkúrẹ́ ti há gbogbo ẹ̀ sórí: omi bromine pàwọ̀ dà, alkene ni, inú túùbù di dígí, aldehyde ni, ó hó nígbà tá a da báákìn sódà sí i, ásíìdì ni. Wọ́n ń kà á bí ẹni ń ki oríkì. Mi ò ní kí wọ́n má há a o, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìdánwò kọ̀ọ̀kan ń dáhùn, tí èèyàn ò bá mọ ìbéèrè yẹn, á kàn máa wo àwọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdánwò iodoform, èyí tó ń fún wa ní yẹ́lò yẹn. Ẹ rọ nǹkan tí ẹ ò mọ̀ yẹn díẹ̀ sínú túùbù, ẹ bu ayodíìnì sí i, ẹ wá máa kán kọ́sítìkì sódà sí i díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ pupa rúsúrúsú yẹn á fi lọ. Tó bá jẹ́ ethanol, ìyẹn ọtí inú ògógóró, ẹ gbé túùbù sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kẹ́ ẹ ní sùúrù díẹ̀, inú ẹ̀ á kọ́kọ́ dàrú, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹ́lò wẹ́wẹ́ á wá máa rọ̀ sísàlẹ̀, òórùn ọsibítù ayé àtijọ́ á sì jáde, torí iodoform yìí ni wọ́n ń fi sójú egbò nígbà yẹn. Ó dùn ún wò jọjọ.

Ọmọbìnrin kan wá bi mí pé, "Àǹtí, tó bá ti di yẹ́lò, ethanol ti nìyẹn, àbí?"

Rárá o. Propanone náà á di yẹ́lò, ìyẹn acetone tí àwọn tó ń ṣe èékánná ní Ọjà Ọba fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì. Ethanal tó jẹ́ aldehyde ńkọ́, propan-2-ol tó jẹ́ alcohol bíi ethanol ńkọ́? Gbogbo wọn ló ń fún wa ní yẹ́lò kan náà. Ohun tí yẹ́lò ń sọ kò ju pé CH3 (carbon kan pẹ̀lú hydrogen mẹ́ta) kan wà níbẹ̀ tó so mọ́ carbon tó ní C=O (carbon tó fi ìdè méjì so mọ́ oxygen), tàbí carbon tó ní OH tó lè yí padà di irú C=O yẹn. Ibi tí ẹ ti máa yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ìdánwò tí ẹnì kan nínú wọn bá ti sọ pé rárá. Ẹ da 2,4-DNP, kẹ́míkà tó ń wá C=O, sí i: ethanal àti propanone á yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, àwọn alcohol méjèèjì ò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ fi Tollens, kẹ́míkà oní-silver tó ń wá aldehyde, dán àwọn tó yọ wò, ethanal á sọ inú túùbù di dígí, propanone ò ní dá a lóhùn. Fún àwọn alcohol, ẹ lọ lo Lucas (zinc chloride nínú hydrochloric acid líle): propan-2-ol á ṣú láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ethanol á mọ́ kedere síbẹ̀. Ẹ ò rí i pé "rárá" yẹn ló ṣe iṣẹ́ jù? Àwọn ọmọ ò sì kí ń fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n rò pé tí nǹkan ò bá ṣẹlẹ̀, kò sí nǹkan tí wọ́n rí.

Ọ̀rọ̀ yìí ò parí sí WAEC fún mi. Ní April 2015, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, ojú wọn á kọ́kọ́ ṣú, orí á máa fọ́ wọn, ká tó wí ká tó fọ̀, ẹlòmíì ti lọ. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Methanol, alcohol kan tó jẹ́ májèlé, ni wọ́n padà rí, nínú ògógóró. Inú ara ló ti ń di methanal, tó tún ń di methanoic acid, ásíìdì yẹn ló ń ba iṣan ojú jẹ́.

Ẹ wá ro ó wò: ká ní ẹnì kan mú ògógóró yẹn, tó fi iodoform dán an wò, yẹ́lò ló máa rí! Methanol fúnra ẹ̀ ò ní di yẹ́lò, ṣùgbọ́n ethanol tó wà pẹ̀lú ẹ̀ nínú ìgò á dáhùn fún àwọn méjèèjì. Àwọn kan tún máa ń ṣáná sí i wò, àwọn méjèèjì ló ń jó, iná wọn sì fara jọra. Láàbù ló lè sọ ọ́, wọ́n á fi pámángánéètì sọ methanol di methanal, wọ́n á wá lo chromotropic acid pẹ̀lú sulphuric acid líle, tó bá wà níbẹ̀, á di pọ́pù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é nílé.

Nínú ìwé ìdáhùn, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má kọ "ethanol ni" sábẹ́ inference (ibi tí ẹ ti ń kọ ohun tí ìdánwò fi hàn) torí yẹ́lò kan. Ẹ kọ ohun tó ṣeé ṣe, ẹ wá jẹ́ kí ìdánwò tó kàn gé e kù. Nígbà míì "bẹ́ẹ̀ ni" méjì ló máa ń mú un jáde: tó bá hó pẹ̀lú báákìn sódà, tó tún sọ Tollens di dígí, ẹ ronú kan methanoic acid, torí ethanoic acid máa hó ṣùgbọ́n kò ní ṣe dígí. Ẹ po Tollens yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa lò ó o, ẹ má sì tọ́jú èyí tó kù, tó bá pẹ́ nílẹ̀ ó lè bú gbàmù. Ẹ da ásíìdì tí wọ́n ti fomi là sí i, kẹ́ ẹ wá dà á nù.