Wàláà tó wà lábẹ́ awọ mi

Ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún mi ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Oṣù ààwẹ̀ ọdún 2017 ni, mò ń ro láfún fún sààrì nílé wa ní Òkèlele, n'Ílọrin, nígbà tí mo rí nǹkan funfun kan tó tó ojú ẹ̀wà. Mo rò pé láfún ló ta sí mi lọ́wọ́. Mo fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Nígbà tí iléyá fi máa dé, ó ti gba ẹ̀yìn ọwọ́, ó sì ti yọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi.

Ìyá mi ò pe orúkọ kankan, àmọ́ ó ya abọ́ mi sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Mo ní, "Àlàájà, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún ojú ibẹ̀." Wọ́n gún un, mo ké tòò! Ojú àmì ẹ̀tẹ̀ kì í sábà mọ ìrora, tèmi mọ̀ ọ́n dáadáa. Abọ́ mi padà sáàárín tàwọn yòókù lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bàbá mi, tó ní ilé kéú, fọ wàláà fún mi, mo mu hàntú. Mi ò ní fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ o. Wàláà yẹn gan-an ló là mí lójú nígbà tí dókítà pe àrùn náà ní vitiligo, tó ní àwọn ọmọ ogun ara mi, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó máa bá àrùn jà, fúnra wọn ló ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè àwọ̀ dúdú.

Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fáwọn ọmọ SS3 pé jíìnì lohun tí a bá lára bàbá àti ìyá, màá sì pa ìwé dé. Àṣé mi ò tíì sọ ìdajì. Kùránì kan náà lọmọ kéú gbogbo ń kọ́, àmọ́ ojú ibi tí ọmọ kan dé lónìí ni àáfà máa fi tàdáwà kọ sórí wàláà rẹ̀. Tó bá ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kọ òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì. Ìwé kan náà, tó ní nǹkan bí 20,000 jíìnì, ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ àti ti awọ. Ibi tí oníkálukú nílò ló ń dà kọ sórí RNA, ìyẹn ẹ̀dà jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́, tó bá lò ó tán, á pa á rẹ́. Àwọn olùwádìí tó ń wá ìdí vitiligo, wàláà yìí ni wọ́n ń kà.

Ìdí tó fi yẹ kí wọ́n kà á rèé. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2003, bí vitiligo bá mú ọ̀kan nínú ìbejì tó jọra bí ẹyin, ìdá 23 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ìkejì náà fi ní i. Ìwé Táíwò ni ìwé Kẹ́hìndé. Kí ló wá yàtọ̀?

Àwọn olùwádìí náà ní ẹ̀rọ kékeré kan tó máa ń fa awọ sókè títí á fi lé ròrò, omi inú rẹ̀ àti òrùlé rẹ̀ ni wọ́n á mú. Tẹ́lẹ̀, ṣe ló dà bíi pé wọ́n da omi wàláà gbogbo ọmọ pọ̀ sínú garawa kan. Nísinsìnyí wọ́n lè ka ti sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ohun tí wọ́n rí yà mí lẹ́nu. Àwọn ọmọ ogun ara náà ń tú interferon-gamma sílẹ̀, èròjà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Tó bá ti bà lé àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ CXCL10, ìyẹn sì ni ìpè tó ń kó ọmọ ogun mìíràn wá. Àṣé awọ mi fúnra rẹ̀ ni ládàánì wọn! Ọlọ́run forí jì mí.

JAK lọ̀nà tí iṣẹ́ interferon ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì kí wọ́n tó kọ ìpè náà. Ọ̀nà yẹn ni ìpara ruxolitinib ń dí. Oṣù keje ọdún 2022 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún vitiligo, fún ẹni tó bá ti tó ọmọ ọdún 12. Mo wo iye rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rántí owó oṣù mi, mo dojú fóònù dé. Tacrolimus, ìpara mìíràn, ni dókítà kọ fún mi.

Ó ṣiṣẹ́. Mo dẹwọ́, funfun náà padà, ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́ ló padà sí. Mo ti ń bínú kí n tó kà á pé àwọn ọmọ ogun kan wà tí wọn kì í kúrò nínú awọ náà, kódà tó bá ti dúdú. Ibùdó wọn nìyẹn.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ padà báyìí. Ìdí irun ni àwọ̀ ti ń jáde wá, bíi tóótòòtó, ìdí nìyẹn tí orí ìka tí kò nírun fi ń ṣagídí. Lánàá, Ìyá mi fa ọwọ́ mi lọ sójú òòrùn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọ awò ojú wọn. Wọ́n ka tóótó mẹ́rin. Èmi ka mẹ́fà.