Ẹ̀yìn Férémù Ni Kẹ́ Ẹ Náwó Sí

Ẹ wo ògiri pálọ̀ ilé bàbá yín. Ó ṣeé ṣe kí fótò kan wà níbẹ̀, bóyá ti ìyá àgbà tó wé gèlè, tí ojú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, tó ń dán gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀ bí ibi tí omi dà sí. Ẹ má fà á yọ o! Tẹ́ ẹ bá fà á, ojú fótò náà á bá gíláàsì lọ. Férémù ló bà á jẹ́: wọ́n gbé gíláàsì lé e lójú ní tààrà, ọ̀rinrin sì ṣe ìyókù. Àwa tí a ń gbé Ẹ̀pẹ́, létí ọ̀sà, a mọ ohun tí ọ̀rinrin ń ṣe.

Mo máa ń ra àwòrán lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kùn ún, káfíńtà àdúgbò ló sì ń bá mi ṣe férémù wọn. Ohun tí mo ti rí ni pé apá tí àlejò kò ní rí ló yẹ kéèyàn jà fún. Fáníìṣì tó ń dán, òdòdó tí wọ́n gbẹ́ sí igun, káfíńtà á ṣe ìyẹn dáadáa láìjẹ́ pé ẹ lanu. Òun ló fi ń polówó ọjà rẹ̀.

Ẹ sọ fún un pé kí àlàfo wà láàárín gíláàsì àti àwòrán. Tí àwòrán bá wà lórí bébà, páálí tí wọ́n gé ojú fèrèsé sí láàárín ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Àmọ́ kì í ṣe páálí bisikíìtì o. Ásíìdì inú rẹ̀ á sọ etí àwòrán di rúsúrúsú tó bá yá. Èmi máa ń ra páálí tí kò ní ásíìdì lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò ayàwòrán, màá gbé e lọ bá káfíńtà fúnra mi. Èyí tí wọ́n fi èédú tàbí ṣọ́ọ̀kì yà ń fẹ́ àlàfo tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìyẹ̀fun rẹ̀ máa ń kó sára gíláàsì. Kánfáàsì tí wọ́n fi ọ̀dà olóróró kùn kì í sábà gba gíláàsì. Àdìrẹ ńkọ́? Ẹ rán an mọ́ aṣọ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ má fi gúlùù lẹ̀ ẹ́.

Sẹlotéèpù náà kò gbọdọ̀ kan àwòrán. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti lẹ́ẹ̀ sítáàṣì àlìkámà ló dára láti fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, omi lásán á sì tú u lọ́jọ́ mìíràn. Etí òkè nìkan ni kẹ́ ẹ lẹ̀, kí bébà lè ráyè fẹ̀ nígbà òjò, kó sì sún kì nígbà ọyẹ́.

Ọ̀rọ̀ igi wá ni ìjà. A kò jìnnà sí igi níbí; àwọn onígẹdú tí ìjọba Èkó kó kúrò ní Oko Baba, ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, Agbówà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ wa níbí ni wọ́n darí wọn sí. Ṣùgbọ́n igi tó dé láìpẹ́ tútù. "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, igi yìí ti gbẹ." Mo ní, "Ọ̀gá káfíńtà, ẹ jẹ́ kí n gbé e wò." Igi tútù máa ń wúwo, tẹ́ ẹ bá fi ìka lù ú, ohùn rẹ̀ á bò. Tí wọ́n bá fi ṣe férémù, yóò sún kì lára ògiri yín, igun yóò sì là láti inú, níbi tí igi méjèèjì ti pàdé. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tí gúlùù lè bẹ̀ ẹ́.

Lórí ìwọ̀n, íǹṣì ni káfíńtà ń sọ, sẹ̀ntímítà ni ayàwòrán. Bébà A3 jẹ́ 42 sí 29.7 sẹ̀ntímítà, tí káfíńtà bá pè é ní íǹṣì 16 sí 12 kó lè rọrùn, àwòrán yín kò ní wọlé. Ẹ gé bébà ìwé ìròyìn tó bá a dọ́gba, òun ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Àwòrán gan-an kò gbọdọ̀ sùn láàárín ìdọ̀tí igi àti ọ̀dà. Kí káfíńtà fi nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta kún ìwọ̀n náà, kí àwòrán má bàa fún.

Owó igi àti gíláàsì ni mo máa ń san sílẹ̀, owó iṣẹ́ di ìgbà tí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò. Màá fi téèpù wọn ọ́n ní ìdàgẹ̀rẹ̀, láti igun òkè kan dé igun ìsàlẹ̀ tó wà ní òdìkejì, lápá méjèèjì. Tí ìwọ̀n méjèèjì kò bá bára mu, férémù ti wọ́, kí wọ́n tún un ṣe. Mo máa ń yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta kí n tó wo iwájú. Inú ń bí wọn sí ìyẹn, ẹ jẹ́ kó máa bí wọn.

Tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ sílé nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹ lẹ téèpù bébà mọ́ ojú gíláàsì bí àgbélébùú, kó má bàa ya àwòrán tó bá fọ́. Nínàró ni kẹ́ ẹ gbé e, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó jókòó tì yín pé kó má fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.